Ọkùnrin Tó Dúró Pẹ́ ní Èbúté

Atẹ́gùn òkun já ìwé tí Moríkẹ́ ń kọ ìtàn sí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní èbúté Òde Ugbó, ó bọ́ sómi, Wọlé awakọ̀ ojú omi sì fi àwọ̀n gbé e. Ó sá a sórí ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ta ló ń lé àwọn èèyàn yìí? Wọ́n pàdé, wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n bí ìbejì, gbogbo ẹ̀ nínú ojú ìwé kan ṣoṣo!"

Inú bí Moríkẹ́, àmọ́ ẹ̀rín ọkùnrin náà wù ú. Ó lọ tún ìtàn ìfẹ́ rẹ̀ kọ. Láti ìgbà náà, bó bá ń lọ sọ́jà Igbókòdá, ẹ̀gbẹ́ Wọlé ló ń jókòó sí, á sì máa kà á sí i létí.

Ìtàn wá falẹ̀ jù. Ọkùnrin inú rẹ̀ ti dé èbúté tipẹ́, kò tíì sọ tẹnu rẹ̀ fún ọmọbìnrin tó ń wò lójú.

"Moríkẹ́ mi, ọkùnrin yìí máa ta gbòǹgbò síbẹ̀ o! Kí ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀?"

"Èmi náà ń wádìí ẹ̀."

Gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó yé wọn. Wọlé nìkan ni kò yé.

Godwin tó ń ta epo bẹntiróò kò falẹ̀ ní tiẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ wá tọrọ Moríkẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, bàbá rẹ̀ kò sì rí ìdí tí yóò fi lé wọn. Ọkàn Moríkẹ́ bàjẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ́, nínú ọkọ̀, ó kà á pé: "Lọ́la ni wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ ọmọbìnrin náà fún ẹlòmíràn. Ọkùnrin náà dúró ní èbúté." Ó pa ìwé dé.

"Kò lè parí síbẹ̀!" Wọlé pariwo. "Kó sáré lọ bá bàbá ọmọ!"

"Ta ni kó sáré, Wọlé?" Omijé ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Wọlé pa ẹ́ńjìnì.

"Moríkẹ́, mo ti fẹ́ràn rẹ láti ọjọ́ tí ìwé rẹ bọ́ sómi. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Èmi náà fẹ́ràn rẹ, arìngbẹ̀rẹ̀."

Kíá ló yí ọkọ̀ padà sí Ugbó.

"Ẹja mi ńkọ́?" Ìyá Princess, ẹlẹ́ja tó wà nínú ọkọ̀, ké.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi tọrọ ìyàwó ná!"

Báyìí ni èrò ọkọ̀ ṣe di ẹbí ọkọ, tí wọ́n kún ilé pákó Bàbá Ògúnlànà, bàbá Moríkẹ́, tàwọn ti apẹ̀rẹ̀ ẹja. Wọlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sọ ohun tó bá wá.

Bàbá wò ó títí. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ẹ́ńjìnì rẹ lábẹ́ fèrèsé mi. Èmi rò pé ó bàjẹ́ ni." Ó fa apẹ̀rẹ̀ ẹja mọ́ra. "Màá bá àwọn ará Godwin sọ̀rọ̀."

Nígbà tí wọ́n jáde, Moríkẹ́ gbé ìwé lé ẹsẹ̀, ó kọ ìparí ìtàn rẹ̀. Wọlé yọjú wò ó.

"Ìlà kan péré fún ìgbéyàwó?"

"Fi í sílẹ̀," ni Moríkẹ́ wí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èyí tó kù, a ó jọ máa rọra fi ayé wa kọ ọ́."