Kọ́ọ̀pù Ni Kẹ́ Ẹ Lé, Kì í Ṣe Ọmọ

Aránṣọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí àga níta kíláàsì, nínú oòrùn gangan, tó ń na ọrùn kó lè rí pátákó láti ojú fèrèsé.

"Ta ló gbé ọ síta?"

"Ọ̀gá iléèwé ni, Màámi. Wọ́n ní kòkòrò ń bẹ lọ́nà ọ̀fun mi."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì wá fi òwú nu ọ̀fun àwọn ọmọ fún àyẹ̀wò. Èsì dé, ọ̀gá já àpòòwé rẹ̀, ó ka orúkọ ọmọ yìí tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ níwájú gbogbo iléèwé, bí ẹni ń ka orúkọ olè.

Aránṣọ ò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó gba ilé ìwòsàn lọ, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó sì mú nọ́ọ̀sì dé.

"Ọ̀gá, ṣé ọmọ yìí ń húkọ́ ni? Ṣé ara rẹ̀ gbóná?"

"Rárá, nọ́ọ̀sì. Àwọn tó kù ni mò ń dáàbò bò."

"Ẹ ò tiẹ̀ ṣí ojú ìwé kejì! Ọmọ mọ́kànlá ló ń gbé kòkòrò náà kiri. Mi ò ní dárúkọ wọn, àṣírí ọmọlọ́mọ ni. Kòkòrò yìí lè fi ọ̀fun ọmọ ṣelé láì ṣe é ní nǹkan kan. Itọ́ àti ikọ́ ló ń gbé e dé ara ẹlòmíì, ibẹ̀ ló ti lè di àìsàn. Ẹ wo kọ́ọ̀pù kan ṣoṣo tẹ́ ẹ so mọ́ ike omi yẹn! Gbogbo iléèwé ló ń fẹnu kàn án. Ẹ lé ọmọ síta, ẹ wá so kọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀ kó má baà sá lọ!"

Nọ́ọ̀sì fa òwú yọ nínú àpò rẹ̀.

"Ó yá, ẹ lanu, kí n fi òwú nu tiyín. Bá a bá bá kòkòrò náà níbẹ̀, ta ni yóò gbé àga yín síta?"

"Èmi ni," aránṣọ dáhùn. "Apá mi ká a dáadáa."

Ọ̀gá pa ẹnu dé pinpin. Ó tú okùn kọ́ọ̀pù, ó sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọmọ náà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé lé ọmọ tí ara rẹ̀ dá. Kálukú ni kó ní kọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ẹni bá ń húkọ́, kó fi ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu. Ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ pé. Bí ọ̀fun bá ń dun ọmọ tí ara rẹ̀ sì gbóná, tàbí tí ọrùn rẹ̀ le gan-an, ilé ìwòsàn kíákíá, kì í ṣe kápúsù tó ṣẹ́kù sílé. Èsì àyẹ̀wò ọmọ, ti òbí rẹ̀ ni. Kò sí ọmọ tó fi ọ̀fun ara rẹ̀ jalè.