Àmín Tí Màmá Fi Sílẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi, bí ẹnì kan bá gbàdúrà fún ọ, kí lo máa ń sọ? Ní ilẹ̀ wa, a kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní èyí. Awakọ̀ á ní, "A ó délé láyọ̀ o," gbogbo ọkọ̀ á ní, "Àmín." Mùsùlùmí á ṣe é sí àdúrà Kìrìsìtẹ́nì, Kìrìsìtẹ́nì á ṣe é sí ti Mùsùlùmí. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kọ̀, kò ṣe é. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló sì ń gbàdúrà fún un.

Olúfúnṣọ́ ni orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ físíìsì ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Adó-Èkìtì. Ọmọ ìjọ ni tẹ́lẹ̀, ó tilẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí àìsàn kíndìnrín dá ìyàwó rẹ̀, Mojísọ́lá, gúnlẹ̀, ìjọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Wòlíì kan ní Olúwa sọ fún òun pé obìnrin náà kò ní kú. Ó kú ní ọjọ́ kejìlélógún. Nígbà tí wọ́n wá bá a kẹ́dùn, alàgbà kan rọra sọ fún un pé bóyá ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó.

Alàgbà yẹn jẹ̀bi. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹni tó bá ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀ lè kà á.

Olúfúnṣọ́ kò padà sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kò sì gbà pé Ọlọ́run wà mọ́. Orí fóònù ni ó ti rí ọkùnrin kan tó fá orí kodoro, tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Búdà. Ọkùnrin náà ní ìrora ń wá nítorí pé a di ohun tí kò lè dúró mú. Ó ní kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, kí ó máa kíyè sí èémí ara rẹ̀, kí ó sì jọ̀wọ́ ohun tó dìmú. Mi ò ní purọ́ mọ́ Olúfúnṣọ́: ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ọtí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀, ó jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá.

Ọláyẹmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ olùkọ́, bi í léèrè ní iléèwé lọ́jọ́ kan.

"Ẹ̀sìn wo ni kò ní Ọlọ́run? Ṣebí Búdà yẹn ni ọlọ́run yín."

"Rárá o. Ènìyàn ni Búdà, olùkọ́ ni. Kò sọ pé òun ló dá ayé, kò sì ní ká gba ẹnikẹ́ni tó dá a gbọ́. Àwọn kan nínú àwọn tó ń tẹ̀lé e gbà pé àwọn ẹ̀dá kan wà lókè, ṣùgbọ́n àwọn yẹn náà ń kú bí tiwa. Mo lè ṣe é láìgba Ọlọ́run kankan gbọ́."

Òótọ́ ni ó sọ. Èmi tí mo kọ ìwé yìí wádìí rẹ̀, kí n má baà fi irọ́ wàásù. Ẹ̀kọ́ Búdà àti àìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run lè jọ gbé yàrá kan láìjà. Ọláyẹmí náà gbà fún un. Ó kàn béèrè ohun kan: "Ó dáa. Bí ọjọ́ bá wá le, ta lo máa ké pè?"

"Mi ò ní ké pe ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí mo ké, ta ló gbọ́?"

Ọláyẹmí fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó bá iṣẹ́ lọ.

Ìgèdè, ìlú kan nítòsí Adó, ni ìyá Olúfúnṣọ́ ń gbé, pẹ̀lú Àyọ̀kẹ́, àbúrò Olúfúnṣọ́ lóbìnrin. Láràárọ̀, kí màmá tó gba oko lọ, á pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, á súre fún ilé àti iṣẹ́ rẹ̀ ní ohùn Èkìtì. "Ọmọ mi, Ọlọ́un á ṣọ́ ulé rẹ. Uṣẹ́ rẹ á yọ." Á wá dúró de àmín.

Olúfúnṣọ́ kì í ṣe é. Ọ̀kan nínú òfin márùn-ún ẹ̀kọ́ Búdà tí ó ti gbà mọ́ra ni pé kò gbọdọ̀ purọ́. Lójú tirẹ̀, bí òun bá ṣe àmín sí àdúrà tí òun kò gbà pé ẹnikẹ́ni ń gbọ́, irọ́ nìyẹn. "Màámi, ẹ má bínú, mi ò lè ṣe é." Nígbà tó yá, kò gbé ìpè náà mọ́. Ni màmá bá ní kí Àyọ̀kẹ́ máa gba ohùn òun sílẹ̀, kí ó máa fi ránṣẹ́ lórí Wàsáàpù. Ọdún kan àbọ̀ ni ohùn náà fi ń wọlé láràárọ̀. Olúfúnṣọ́ kò tẹ ẹyọ kan láti gbọ́ ọ.

Ẹ wo ìgbéraga tó gbé aṣọ òtítọ́ wọ̀!

Lọ́jọ́ kan, rọpárọsẹ̀ kọlu màmá. Olúfúnṣọ́ sáré lọ sí Ìgèdè.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kúnlẹ̀," ni Àyọ̀kẹ́ wí. "Màámi fẹ́ súre fún yín."

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní yàrá màmá. Ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni màmá gbé lé e lórí. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀. "Jésù... gba ọmọ mi." Ó dúró. Ọwọ́ wà lórí. Àyọ̀kẹ́ ń fi ojú bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Olúfúnṣọ́ kò sọ ọ́. Ó rọra gbé ọwọ́ ìyá rẹ̀ kúrò lórí ara rẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ sinmi." Ó padà sí Adó ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nítorí àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, màmá ti kú.

Wọ́n sin ín. Olúfúnṣọ́ jókòó láti kíyè sí èémí rẹ̀, kò gbà. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kí ó jọ̀wọ́ ìyá rẹ̀. Ọwọ́ tí ó gbé kúrò lórí ni kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Àforíjì ló fẹ́ tọrọ, kò sì mọ ẹni tí yóò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, Ọláyẹmí wá bá a ní Ìgèdè. Yàrá màmá ni wọ́n jókòó sí. Olúfúnṣọ́ yọ fóònù, ó tẹ èyí àkọ́kọ́ nínú àwọn ohùn náà.

"Ọmọ mi, Ọlọ́un á ṣọ́ ulé rẹ." Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Àkùkọ kan kọ lókèèrè. Màmá tún wá sọ̀rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Àmín. Mo bá ọ ṣe é o, ọmọ mi."

Ó tẹ òmíràn. Bákan náà ni. Láràárọ̀ fún ọdún kan àbọ̀, obìnrin náà gbàdúrà, ó dúró, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àmín ọmọ rẹ̀.

Ó tẹ èyí tó kẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó padà sí Adó ni wọ́n gbà á sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń fà: "Jésù... gba ọmọ mi." Ó dákẹ́ títí. Ohùn Àyọ̀kẹ́ jáde: "Màámi, ẹ ò ní ṣe àmín?"

"Tirẹ̀ ni," ni màmá dáhùn. "Mo fi í sílẹ̀ dè é."

Olúfúnṣọ́ bú sẹ́kún. "Àmín! Màámi, àmín o!" Ó ń pariwo rẹ̀ sínú fóònù. "Ọláyẹmí, ṣé Màámi gbọ́?"

Ọláyẹmí náà ń sunkún. "Mi ò ní tàn ọ́. Mi ò mọ̀ bóyá Màmá gbọ́. Ṣùgbọ́n Jésù ni Màmá ń bá sọ̀rọ̀. Òun kú rí, ó sì jíǹde. Òun ń gbọ́. Sọ fún un."

"Mo ń bínú sí i."

"Sọ ìyẹn náà fún un."

Olúfúnṣọ́ kúnlẹ̀ síbi tó kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ náà. "Olúwa Jésù, ọ̀rọ̀ Mojísọ́lá ṣì ń dùn mí. Mo gbéraga sí ìyá mi, mo gbéraga sí ọ. Dárí jì mí. Gbà mí gẹ́gẹ́ bí Màámi ṣe wí. Àmín."

Jésù gbà á. Òkú kò tìtorí ẹ̀ jí. Ìdáríjì kò dá ọ̀sán ọjọ́ yẹn padà fún un, ó sì ń sọ ọ́ títí di òní pé ó ń dun òun. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ báyìí, á tẹ ohùn kan, á sì ṣe àmín rẹ̀ kí màmá tó bá a ṣe é.

Ìwọ tí o mú ìwé yìí dání ńkọ́? Bóyá ẹ̀kọ́ Búdà ni o gbà. Bóyá òkú tí o sin ló mú ọ bínú sí Ọlọ́run, tàbí ẹnu alàgbà kan ló lé ọ jáde. Mi ò wá bá ọ jiyàn. Ẹnì kan ti gbàdúrà fún ọ. Bí kò bá sí ẹlòmíràn, èmi ṣe é kí n tó kọ ìwé yìí. Ìyá a máa dúró de ọmọ, ikú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Má fi í di ọ̀la, mo bẹ̀ ọ́.

Níbi tí o wà yẹn, sọ ọ́ báyìí: Jésù Olúwa, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. O kú fún mi, o sì jíǹde. Dárí jì mí, kí o sì gba ọkàn mi lónìí.

Mi ò kọ àmín sí i. Tìrẹ ni. Mo fi í sílẹ̀ dè ọ́.