Àwọn Adìẹ Tí Kò Fẹ́ Wọlé Mọ́

Ìyẹ́ ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ́kọ́ rí nígbà tó wọ ẹ̀yìnkùlé. Ìyẹ́ funfun, ìyẹ́ pupa, ó kún ilẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n tú tìmùtìmù. Adìẹ mẹ́rin nà gbalaja lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ wọn lọ́rùn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́. Omi náà ti dà tán sí i lẹ́sẹ̀.

"Ajá ni," ọmọ náà wí. "Mo pè yín títí."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ilẹ̀kùn ilé adìẹ tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kí ìyá wọn tó lọ síbi iṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń ṣe nílé ìwòsàn ló ti kìlọ̀ fún un: "Ìdè ilẹ̀kùn àwọn adìẹ ti já o. Bí wọ́n bá jẹun tán, kó wọn wọlé, kí o fi òkúta ńlá yẹn ti ilẹ̀kùn. Má sì fi àbúrò rẹ sílẹ̀ lóun nìkan." Ó ní òun ti gbọ́. Àfi bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Aláriwo ṣe yọrí lókè ògiri.

"Ìwọ nìkan là ń dúró dè ká tó ya fọ́tò àwa tá a fẹ́ ṣèdánwò! Àbí adìẹ ló máa bá ọ jókòó ìdánwò ni?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò ní pẹ́, ó sì bá a lọ.

Àwọn adìẹ náà kì í ṣe adìẹ lásán. Bàbá wọn ló kó wọn wálé ní òròmọdìẹ, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan ilé wọn kí àìsàn tó mú un lọ. Látìgbà tó ti kú, àwọn adìẹ yìí ni ọmọ kékeré náà ń bá sọ̀rọ̀ jù.

Nígbà tí ìyá wọn dé, kò pariwo. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó mú ṣọ́bìrì.

"Ṣé o fi òkúta tì í?"

"Mo gbàgbé ni, Màámi."

Ìyá wò ó. "O ò gbàgbé. O lọ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ẹgba lọ.

Adìẹ mẹ́ta ló ṣẹ́kù: funfun kan, pupa kan, àti aláwọ̀ ẹtù kan tí àbúrò rẹ̀ ń pè ní Tíṣà, nítorí pé ó máa ń rìn bí olùkọ́ tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣe ìdánwò. Wọn ò yé ẹyin mọ́, wọn ò sì wọ ilé wọn mọ́. Orí igi máńgòrò ni wọ́n ń sùn. Bí ewé lásán bá já, wọ́n á fò dìde. Ìyá ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n ojú ń ti Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán kíá. Lọ́jọ́ kan tí ìyá wọn wà níbi iṣẹ́, ó mú igi gbọọrọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn wọlé.

"Ẹ má lé wọn! Ẹ̀rù ń bà wọ́n!" àbúrò rẹ̀ ké.

Tíṣà fò kọjá lórí ògiri, ó já sójú títì. Alùpùpù kan ń bọ̀. Ẹni tó gùn ún tẹ bíréèkì, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn tẹjú mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀yin náà dà bí ajá yẹn."

Nígbà tí ìyá gbọ́, ó jókòó ti Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń sunkún. "Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ìwọ wá mú igi lọ́wọ́, ò ń lé wọn padà síbi tí wọ́n ti rí ikú."

"Kí ni kí n wá ṣe, Màámi?"

"Kọ́kọ́ tún ibẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà, jókòó."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fọ ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ títí òórùn rẹ̀ fi lọ. Ó tẹ́ koríko gbígbẹ tuntun, ó fi wáyà dí gbogbo ihò, ó kan ìdè irin mọ́ ilẹ̀kùn. Bó bá ti dé láti ilé ìwé, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ, àgbàdo ní àtẹ́lẹwọ́, á máa ka ìwé ìdánwò rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí wọ́n lè mọ ohùn rẹ̀. Aláriwo tún yọrí: "Ṣé o ti wá di ìyá adìẹ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ máa lọ."

Lákọ̀ọ́kọ́, orí igi ni wọ́n ti ń wò ó. Nígbà tó yá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì dúró lókèèrè. Lọ́jọ́ kan, pupa sáré ṣa hóró àgbàdo kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sá padà. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá kí funfun tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé nírọ̀lẹ́, tí pupa tẹ̀ lé e. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fọwọ́ bo ẹnu sunkún, kó má baà dẹ́rù bà wọ́n.

Ó mú ẹyin tí wọ́n kọ́kọ́ yé lọ fún àbúrò rẹ̀. Ọmọ náà gbà á, kò rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà ńkọ́?"

"Kò ní padà wá mọ́. Èmi ni mo fà á. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ọmọ náà gbé ẹyin náà wọlé lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ó jáde wá jókòó sórí pákó tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lé, ní ìpẹ̀kun kejì. Kò sún mọ́ ọn, kò sì dìde lọ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò pè é, kò fà á. Ó ń ka ìwé rẹ̀ lọ.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti wá mọ̀ pé ẹni tó bá ba ìgbẹ́kẹ̀lé ẹlòmíràn jẹ́ kò lè fi ìkánjú gbà á padà. Ó ní láti yí ìwà padà, kó sì ní sùúrù. Síbẹ̀, àwọn ohun kan wà tí sùúrù pàápàá kò lè dá padà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká ronú kí a tó gbẹ́sẹ̀.