Àbúrò Ṣúmékà

"Àbúrò Ṣúmékà! Bàtà mi ya o. Ṣé ká gbé e wá sílé yín ni?"

Bí wọ́n ṣe máa ń kí ọmọbìnrin náà nìyẹn tó bá ti wọ kíláàsì láàárọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ìdánwò àṣejáde sì ku oṣù kan. Àwọn mẹ́ta tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ẹni ńlá ni gbogbo wọn: bàbá ọ̀kan ń fọwọ́ sí ìwé, bàbá èkejì ń gbé ìwé fún ẹni tó ń fọwọ́ sí i, bàbá ẹ̀kẹta sì mọ àwọn méjèèjì. Ẹgbẹ́ wọn ló wù ú láti wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rán bàtà lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin.

Ohun tó dùn ún jù ni pé irọ́ ni iṣẹ́ bàtà yẹn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun àti ìyá wọn nìkan ló mọ̀. Oṣù mẹ́rin ló ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣọ́ àwọn agbésùnmọ̀mí kan tó fẹ́ fi bọ́ǹbù run ibùdókọ̀ náà. Oníbàárà rẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n á bọ́ bàtà fún un, wọ́n á dúró tì í, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé àga ni. Ta ló ń ka ṣúmékà sí èèyàn?

Lọ́jọ́ Ajé, bó ṣe ti ilé-ìwé dé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, yẹ̀yẹ́ yìí ti sú mi."

"Fara dà á díẹ̀ sí i, àbúrò mi. Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn agbésùnmọ̀mí yẹn dá. Ọjọ́bọ̀ la máa kó gbogbo wọn. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá wọ kóòtù wá sí kíláàsì yín, màá sì béèrè ẹni tí bàtà ẹ̀ ya."

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ jìnnà sí ẹni tí wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà lónìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí àwọn mẹ́ta náà tún bẹ̀rẹ̀, ó fa fóònù yọ, ó sì fi fọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù hàn wọ́n.

"Ẹ wò ó dáadáa! Ṣé ṣúmékà lẹ rí yìí?"

Ó rò ó fún wọn délẹ̀délẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó fi fọ́tò náà ránṣẹ́, ó fi ránṣẹ́.

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

"Háà! Àwa kẹ̀?"

Lọ́sàn-án yẹn, wọ́n sún fún un lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì pè é ní ọ̀rẹ́ wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo péré, ó sì kìlọ̀ fún un gidigidi pé kó má sọ ọ́. Kó tó di àárọ̀, ìlú ti rí i tán.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ọjọ́rú, fóònù rẹ̀ dún. Ó sáré bọ́ síta.

"Àbúrò mi, ta lo fi fọ́tò mi hàn?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi ni. Mẹ́ta péré."

"Kò sí ìkankan nínú àwọn tí mò ń ṣọ́ tó yọjú sọ́dọ̀ mi lónìí. Wọ́n ti rí i. Wọn ò ní dúró de ọjọ́ Ẹtì mọ́, òní ni. Tọ́jú Màámi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́..."

Ó ti pa fóònù.

Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló wá sọ ìyókù nínú pálọ̀ wọn lọ́jọ́ kejì.

"Ó ké sí wa, Màámi, ṣùgbọ́n ogún ìṣẹ́jú la fi jìnnà sí i. Ẹni tó gbé báàgì náà ti de fìlà bojú, ó sì ti fi aṣọ bo imú. Ọmọ yín ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Bàtà ló ń wò kiri láàárín èrò, títí tó fi rí gìgísẹ̀ bàtà kan tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló kan ìṣó sí i. Ó já báàgì náà gbà, ó sì gbé e sá lọ síbi tí kò séèyàn, lẹ́yìn ojú irin. Gbogbo èrò ló yè."

Ó ṣí fìlà. "Ibẹ̀ ni bọ́ǹbù náà ti bú mọ́ ọn lọ́wọ́, Màámi."

"Ta ló tú àṣírí ọmọ mi?" ni ìyá wọn béèrè.

"A ṣì ń wádìí ẹ̀, Màámi."

Ọmọbìnrin náà ì bá dákẹ́. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Èmi ni," ó ní. "Mo fi fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi han àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì."

Ìyá rẹ̀ ò pariwo. "Kí wọ́n lè pè ọ́ ní ọ̀rẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Àwọn mẹ́ta náà wá kí wọn lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n sunkún dáadáa, wọ́n sì ní kó jẹ́ kí àwọn bá a ya fọ́tò. Ó wọlé lọ, ó ti ìlẹ̀kùn.

Ó ṣe ìdánwò rẹ̀, ó yege, ìyá rẹ̀ sì kí i kú oríire láìgbójú sókè. Iyì tó wá kiri kò pé ọjọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àṣírí tí ẹlòmíì fi sí wa lọ́wọ́ kì í ṣe tiwa láti fi wá ẹgbẹ́. Ẹ̀mí ẹni tó fi í sí wa lọ́wọ́ lè wà nínú rẹ̀, ẹni tí a bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ pàdánù, kò sí ọ̀rẹ́ tó lè dá a padà.