Òórùn Tó Wà Nínú Ọkọ̀ Nùrẹ́nì

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní agbègbè ilé iṣẹ́ ní Sángo-Ọ̀tà, imú rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Bí rọ́bà ló ń jóná o, bí ike ni o, kò sẹ́ni tó ń béèrè mọ́. Wọ́n á kàn ní, "Ilé iṣẹ́ ni." Ọ̀rọ̀ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sun Nùrẹ́nì àti ìyàwó rẹ̀ mọ́nú ọkọ̀.

Nùrẹ́nì ní Sienna kan tó fi ń kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Ìjokò lọ sí ilé iṣẹ́ láràárọ̀. Làtífátù ìyàwó rẹ̀, tó ń di bísíkíìtì sínú páálí ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà, ló máa ń jókòó níwájú. Ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi ń jẹun, Nùrẹ́nì sì fẹ́ kí orin dùn nínú rẹ̀ dáadáa. Ó ra ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, ó sì ra wúfà, sípíkà ńlá tó ń gbá ohùn ìlù jáde, sí búùtù. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí wúfà bá dún gbìm, iná iwájú ọkọ̀ á ṣẹ́jú.

"Bàbá Fáìzàh, ọkọ̀ yín tún ń ṣẹ́jú sí àwọn ọlọ́kadà o," ni Làtífátù máa ń wí.

Àwọn èrò ẹ̀yìn á bú sẹ́rìn-ín. Yẹ̀yẹ́ náà ń dun Nùrẹ́nì, ló bá sọ ọ́ fún Yẹ̀kínì ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Yẹ̀kínì ò gbà pé ohun kan wà láyé tó ń lo iná tí òun ò mọ̀.

"Kàpásítọ̀ lo nílò," ni Yẹ̀kínì sọ. "Ó máa ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́. Tí wúfà bá ti fẹ́ gbá, á yára gbé e fún un, iná iwájú ò ní mọ̀ rárá."

Òótọ́ lèyí. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ẹ̀ ló bàjẹ́.

Ní ọjà tí wọ́n ti ń ta páàtì ọkọ̀, wọ́n rí kàpásítọ̀ kan tó ga bíi fúláàsì, tí iná búlúù ń tàn lórí rẹ̀. Wọ́n kọ ogún fárádì sí i lára, fárádì ni wọ́n sì fi ń wọn iye iná tó lè gbà. Nùrẹ́nì gbé e wò, ó fúyẹ́.

"Tuntun ni, ìdí tó fi fúyẹ́ nìyẹn," ni ọlọ́jà wí.

Àwọn méjèèjì mi orí bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ gidi.

Yẹ̀kínì fa wáyà láti ara bátìrì, ó gbé e gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti abẹ́ àga iwájú dé búùtù.

"Ṣé kò ní fíúsì ni?" Nùrẹ́nì béèrè.

"Fíúsì kẹ̀! Ampilifáyà ti ní fíúsì tiẹ̀. Dáírẹ́ẹ̀tì ni kó jẹ́. Fíúsì á kàn máa dá ẹ dúró lọ́nà ni."

Iná ṣì ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n Nùrẹ́nì ní ó ti dín kù. Ó ti náwó sí i, kí ló tún fẹ́ sọ?

Kò pẹ́, Làtífátù ní, "Bàbá Fáìzàh, mò ń gbóòórùn nǹkan tó ń jó."

"Ibi tí wọ́n ti ń yọ́ rọ́bà yẹn ni."

Nígbà tó tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, Nùrẹ́nì ní kó gbé gíláàsì sókè.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n fẹ́ lọ kí ìyá Làtífátù ní Ìjù. Ọkọ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Làtífátù fa àga rẹ̀ síwájú kí Fáìzàh ọmọ wọn lè ráyè lẹ́yìn, Nùrẹ́nì sì tan orin. Òórùn náà bo gbogbo inú ọkọ̀.

Làtífátù wo ọkọ rẹ̀. "Ilé iṣẹ́ wo ló wà ládùúgbò wa níbí?"

Àyà Nùrẹ́nì já. Ó ní kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ kíá, ó pa ọkọ̀, àmọ́ òórùn náà ò lọ. Ló bá pe Fadékẹ́, réwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe nítòsí wọn.

"Ṣé ẹ rí èéfín?" ni Fadékẹ́ béèrè lórí fóònù.

"Rárá, òórùn ni."

"Tí èéfín bá yọ, ẹ sá kúrò níbẹ̀. Ní báyìí, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tú orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gẹ́tífù. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Mò ń bọ̀."

Nígbà tí Fadékẹ́ dé, Yẹ̀kínì tí Nùrẹ́nì pè náà ti dé ṣáájú rẹ̀, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ fi í kan orí méjèèjì tí kàpásítọ̀ náà ní, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe sí bátìrì.

"Jẹ́ n wò ó bóyá iná wà nínú ẹ̀."

"Ẹ dúró!" Fadékẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bọ̀ọ̀dá Yẹ̀kínì, a ti tú bátìrì, àmọ́ èyí ṣì lè ní iná nínú. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Iná á ta sí yín lójú."

Ó so wáyà mọ́ gílóòbù ọkọ̀ kékeré kan, ó fi í kan orí méjèèjì. Gílóòbù tàn fìrí, ó kú.

"Ó yẹ kó pẹ́ jù báyìí lọ tó bá jẹ́ ogún fárádì lóòótọ́." Ó la kàpásítọ̀ náà. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ju àtàǹpàkò lọ, fóòmù ló kún ìyókù.

Lẹ́yìn náà ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Irin tí àga iwájú fi ń rìn síwá-sẹ́yìn ti gé ara wáyà, kọ́pà ti yọ síta, ó ń kan irin náà, kápẹ́ẹ̀tì sì ti dúdú. Làtífátù fa bàtà iṣẹ́ tó máa ń tì sábẹ́ àga jáde. Ìdajì rẹ̀ ti yọ́.

Ó kàn gbé e síwájú ọkọ rẹ̀. Ojú ti Nùrẹ́nì, ìbànújẹ́ sì bá a, torí ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé lójoojúmọ́ nìyẹn.

"Fíúsì inú ampilifáyà, ampilifáyà ló ń ṣọ́," ni Fadékẹ́ wí. "Ta ló ń ṣọ́ wáyà tó ti iwájú dé búùtù? Ká ní fíúsì wà lẹ́bàá bátìrì ni, á ti já kí wáyà tó gbóná. Ká sì tún wo bátìrì yìí ná."

Bátìrì ti gbó. Wáyà tó sì yẹ kó kan irin ara ọkọ̀, orí ọ̀dà ni Yẹ̀kínì dè é mọ́.

"Kàpásítọ̀ gidi pàápàá ò lè wo bátìrì tó ti gbó sàn," ni Fadékẹ́ wí. Yẹ̀kínì rọra fi sípánà sápò.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn orin nínú ọkọ̀, ẹ gbọ́. Tí iná yín bá ń ṣẹ́jú, bátìrì, ọ̀tẹnétọ̀ tó ń fi iná sí bátìrì, àti wáyà tó kan ara ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ ha ọ̀dà kúrò kí wáyà náà lè kan irin. Fárádì kan tó fún ampilifáyà tí kò ju ẹgbẹ̀rún wáàtì lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà ńlá tàn yín. Ẹ̀bá ampilifáyà ni kàpásítọ̀ ń gbé, kí wáyà rẹ̀ nípọn, kó má sì gùn. Ẹ fi fíúsì sẹ́bàá bátìrì, ẹ fi rọ́bà bo wáyà níbi tó bá ti gba abẹ́ irin, kó má sì gba ibi tí àga ń rìn. Kí ẹ tó so kàpásítọ̀ mọ́ wáyà, ẹ jẹ́ kí réwáyà gba iná wọ inú rẹ̀ láti ara gílóòbù títí gílóòbù á fi kú, kí ó sì tú iná inú rẹ̀ bákan náà bó bá fẹ́ yọ ọ́.

Orin ṣì ń dún nínú ọkọ̀ Nùrẹ́nì. Àmọ́ ní báyìí, bí Làtífátù bá ti fa imú fín-ín, ì báà jẹ́ ẹ̀wà aládùúgbò ló ń jóná, ọkọ rẹ̀ ti páàkì. Ẹ̀yin náà, bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá ní òun ń gbóòórùn, ẹ má dá ilé iṣẹ́ lẹ́bi. Ẹ páàkì, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.