Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Gba Mahintedo Kọjá

Kò sí rélùwéè ní Okìtìpupa. Ẹni tó bá mọ apá ibẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, rédíò bàbá mi kékeré sọ pé ọkọ̀ ojú irin ti kọjá Okìtìpupa, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Gàfárù ni bàbá mi kékeré ń jẹ́. Òun àti Ṣùáíbù, bàbá tó bí mi, jọ ṣiṣẹ́ rélùwéè lókè ni, kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun Gàfárù tó fi padà sí Mahintedo, ìlú wa tí a kọ́lé sórí òpó nínú omi. Bàbá mi dúró sí ibùdó kékeré kan nínú igbó, ó ń tọ́jú àtùpà ojú irin. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ọkọ̀ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ayò. Wọ́n to rédíò fúnra wọn, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ọ̀kan níbí. Ajẹ́lẹ̀ kò gbọ́. Bó bá gbọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Èmi ni mo gun igi àgbọn ta wáyà rẹ̀, èmi náà ni mò ń fi ọkọ̀ gbé bátìrì lọ gba iná ní ilé ìlagi.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi á máa tẹ irin kékeré lọ́hùn-ún: ìró kúkurú, ìró gígùn, lẹ́tà lẹ́tà. Á sọ ẹ́ńjìnì tó kọjá àti bí fèrè rẹ̀ ṣe dún. Gàfárù á sọ ọkọ̀ àwọn onígẹdú tó gba iwájú ilé wa, á wá fi bú u: "Ṣùáíbù, ọkọ̀ tí kò lè léfòó, ṣé ọkọ̀ náà nìyẹn?"

Bàbá mi á fèsì pé, "Èyí tó ń léfòó ló ń gbé yín rì."

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Mo jókòó tì wọ́n títí mo fi ń gbọ́ ọ. Ọwọ́ kálukú sì yàtọ̀. Ti bàbá mi, ìró tó kẹ́yìn máa ń falẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ dágbére.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní bàbá mi sùn lọ lójú irin, ọkọ̀ sì tẹ̀ ẹ́ pa. Jùbrílù tí wọ́n jọ wà ní ibùdó yẹn, tó ń gba ìròyìn ọkọ̀ lórí wáyà, ló gbé òkú rẹ̀ wálé. Ó sunkún jù wá lọ. Kò padà sẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè mọ́. Ó ra ọkọ̀ ojú omi, ó ń ta epo òyìnbó, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún tọmọdé tàgbà. Nígbà tó ní òun fẹ́ fi mí ṣaya, Gàfárù ní, "Ẹni tó gbé òkú ẹ̀gbọ́n mi délé, mi ò ní fi ọmọ dù ú." Wọ́n mú ọjọ́ yìgì.

Nígbà náà ni rédíò sọ ti Okìtìpupa. Gàfárù rẹ́rìn-ín, ó ní aláwàdà kan ń fi wá ṣeré. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìró tó kẹ́yìn falẹ̀. Èéfín sì gba gbogbo ilé. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ mi, mo mọ èéfín rẹ̀. Èyí kì í ṣe ti ẹja. Ti èédú ẹ́ńjìnì ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ kejì: *Ọkọ̀ kọjá Igbókọ̀dá.* Omi inú igbá ń gbọ̀n níwájú wa, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kankan kò kọjá.

Gàfárù bọ́ ohun tó fi ń gbọ́ ọ kúrò létí bí ẹni pé ó gbóná mọ́ ọn. "Bàdírátù, yọ wáyà bátìrì yẹn."

"Mo ti yọ ọ́ láti àárọ̀, Bàbá."

Ó na ohun ìgbọ́ náà sí mi. Mo fi í sétí ara mi, mo tẹ irin, mo bi í pé ta ló ń wá kiri. Ó fèsì wẹ́rẹ́: *Jùbrílù. Ó ní ọ̀nà dá. Mo gbà á gbọ́.*

Gàfárù bú sẹ́kún. Òun ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ lọ rọ epo sí àtùpà ojú irin á kọ́kọ́ bi ẹni tó jókòó ti wáyà bóyá ọkọ̀ ń bọ̀. Tí onítọ̀hún bá ní ọ̀nà dá, pé ọkọ̀ kankan kò bọ̀, ẹni tó ń lọ kò ní wẹ̀yìn mọ́.

"Ṣùáíbù sọ fún mi," ó ní, "pé Jùbrílù ń mutí lẹ́nu iṣẹ́, pé òun máa fi tó ọ̀gá létí. Jẹ́ ká lọ bá Ajẹ́lẹ̀."

"Kí la fẹ́ wí? Pé rédíò tí kò níwèé àṣẹ, tí kò ní bátìrì, ló sọ fún wa?"

Nílé wa, ẹni tó dúró létí omi kì í purọ́ fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Odò tóóró ló gba iwájú ilé wa, ó gún tààrà, bí kùrukùru bá sì bò ó, gbogbo ayé ló ń dúró bi wá bóyá ọkọ̀ onígẹdú ń bọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru nípọn bí òwú. Jùbrílù wa ọkọ̀ dé abẹ́ ilé wa.

"Ìyàwó mi! Mò ń lọ ra aṣọ yìgì. Ṣé ọkọ̀ kankan ń bọ̀?"

Pákó ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

"Ọ̀nà dá, Bọ̀dá," mo ní. "Ẹ máa lọ."

Ó gbé àjẹ̀ dúró díẹ̀, ó wò mí. "Ọ̀rọ̀ ẹ ti ń jọ ti ará rélùwéè." Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ inú kùrukùru lọ.

Fèrè dún. Gàfárù dìde nínú ilé, tòun ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. "Mo mọ fèrè yìí," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. "Òun ló pa Ṣùáíbù."

Ọmọ odò tó bá gbọ́ fèrè á kọjú orí ọkọ̀ sí ìgbì. Ará rélùwéè á fò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. A gbọ́ "Ṣùáíbù, dákun!", a gbọ́ ohun tó já somi, a sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ irin ọkọ̀ tó ń kọjá, tó ń kọjá, kò tán bọ̀rọ̀. Ìgbì kankan kò kan òpó ilé wa. Ọkọ̀ Jùbrílù léfòó padà wá, inú rẹ̀ gbẹ.

Àwọn tó fa òkú rẹ̀ jáde kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ní ọ̀nì ni. Ọ̀nì kì í fi gírísì dúdú sílẹ̀ lójú ọgbẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo gbọ́ rédíò, mò ń retí kí bàbá mi dágbére. Ọwọ́ mìíràn ni. Ó ń yára, ó ń kọsẹ̀, bí ọwọ́ ọ̀mùtí.

*Bàdírátù ní ọ̀nà dá,* ó ń tẹ̀ ẹ́. *Mo gbà á gbọ́. Ọkọ̀ kọjá Okìtìpupa.*

Mo fi irin dá a lóhùn pé kó máa bọ̀. Orí omi ni wọ́n bí mi sí. Èmi ò ní fò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.