Owó Onírin Tí Màmá Fọ̀

Obìnrin náà dúró níwájú káńtà, ó fi itọ́ díẹ̀ kan etí ìborùn rẹ̀, ó sì fẹ́ fi nu owó onírin dúdú kan tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ má nù ún!"

Ọkùnrin kan ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Bàbá arúgbó tó ń ta owó àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà ta jí lórí àga rẹ̀. Obìnrin náà yíjú padà, ó rí ọkùnrin gíga kan tó fi awò kékeré bo ojú kan, irú èyí tí àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe máa ń lò. Ó ti gbàgbé láti yọ ọ́ kó tó kúrò níbi iṣẹ́.

"Ṣé owó yín ni?" obìnrin náà bi í.

"Rárá o. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá nù ún, kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Owó Róòmù ni. Dúdú tí ẹ̀ ń wò yẹn, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tó fi ń bò ó. Tí ẹ bá bó o lónìí, kò sí ẹni tó lè dá a padà."

Obìnrin náà wo owó náà, ó tún wo ojú tó wà lábẹ́ awò, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tún ìwé tó ti já dì ní ilé ìkàwé. Inú ẹ̀yìn ìwé gbígbó kan ló ti bá owó náà, ọ̀gá rẹ̀ sì rán an wá béèrè ohun tó jẹ́.

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-má-nù-ún," ó wí. Ọjọ́ yẹn ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Òun náà sọ obìnrin náà ní Adìwé. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ yá ìwé ní ilé ìkàwé, ìwé tí kò ní kà. Adìwé mọ̀. Nígbà tó dá ẹ̀kẹta padà, ó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ níparí rẹ̀. Ọkùnrin náà wo òrùlé.

"Wọ́n ṣègbéyàwó," ó wí.

"Ìwé nípa kòkòrò oyin ni o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń kàwé nítòsí fi ní kí wọ́n jáde, wọ́n sì jáde lọ lóòótọ́.

Ìgbà tí Adìwé kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀ ló rí àwọn owó náà. Mọ́kànlá ni wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àpò aṣọ kékeré tirẹ̀, èyí tí màmá ọkùnrin náà fi àjákù aṣọ oníbàárà rán, nígbà tó ṣì ń ránṣọ. Ẹ-má-nù-ún fọwọ́ rẹ̀, ó nù ún gbẹ, ó tò wọ́n sórí tábìlì.

"Èyí ni òwìwí mi. Fàdákà àwọn ará Gíríìsì ni. Wo ojú ọgbẹ́ tó gba ẹ̀yìn ẹyẹ náà kọjá. Oníṣòwò kan láyé àtijọ́ ló fura sí i, ló bá fi ọ̀bẹ gé e, kó lè mọ̀ bóyá fàdákà náà dé inú."

"Ó dé inú?"

"Ó dé inú."

Ó fi owó tó ní àwòrán obìnrin tí ẹja ńláńlá ń lúwẹ̀ẹ́ yí irun rẹ̀ ká hàn án, òun náà láti Gíríìsì. Ó fi fàdákà Róòmù tí ọwọ́ méjì ń bọ ara wọn lórí rẹ̀ hàn án. Ìkẹyìn ló mú èyí tó fẹ́ràn jù jáde: bàbà Róòmù ńlá kan tó ní orí ọba lára. Ilẹ̀ tó sùn sí ti pa á láwọ̀ ewé títí, ó mọ́ lójú, ó jọ ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wá a kó tó rí i rà.

"Ṣé ìwọ àti ọba yìí ni mo fẹ́ fẹ́?" Adìwé bi í.

"Ta ló sọ pé o fẹ́ fẹ́ mi?"

"Èmi ni," ni màmá ọkùnrin náà dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú yàrá kejì. "Ìyàwó mi, wá jókòó tì mí, jẹ́ kó máa bá irin rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Ọkàn màmá náà kò lágbára mọ́, ìrántí rẹ̀ sì ń lọ, ó ń bọ̀. Obìnrin kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló máa ń bá wọn mójú tó o tí ọmọ rẹ̀ bá wà níbi iṣẹ́. Ẹ-má-nù-ún fẹ́ràn ìyá rẹ̀ dọ́kàn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ máa ń yára bí, mi ò ní bá a bò ó. Lọ́jọ́ kan màmá gbálẹ̀ nídìí tábìlì, ó sì gbá àwọn irin aago oníbàárà dà nù mọ́ pàǹtírí. Ọmọ náà jágbe mọ́ ọn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ màmá ti gbàgbé ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ariwo náà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń gbọ̀n tó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Á di Adìwé lọ́wọ́ mú, á ní, "Kí ni mo ṣe fún un?" Dókítà wá, ó ní irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Bàbá Adìwé gbà láti wá mọ ilé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Adìwé wá tún ilé ṣe. Ó bá màmá níwájú bàsíà, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọkòkò àti kànìnkànìn onírin. Gbogbo owó mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló wà lórí aṣọ funfun lórí tábìlì, wọ́n ń dán yanran. Ọba Róòmù ti pupa bíi páìpù omi tuntun, imú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

"Ìyàwó mi, ṣé o rí i?" Ìka màmá ti bó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ìdọ̀tí ni à bá fi pàdé àna wa lọ́la."

Adìwé gba kànìnkànìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nu ọwọ́ màmá gbẹ, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, màmá sì sùn lọ bí ọmọdé. Ó padà wá gbé bàsíà náà. Ibẹ̀ ló dúró sí, kànìnkànìn lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí Ẹ-má-nù-ún ṣílẹ̀kùn.

Ọkùnrin náà wo tábìlì. Ó mú ọba rẹ̀, ó yí i padà, ó tún yí i padà.

"Ta ló ṣe èyí?" Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè.

Adìwé gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún nínú yàrá kejì.

"Èmi ni," ó wí. "Mo rò pé yóò dára lójú bàbá mi."

Èrò rẹ̀ ni pé tí wọ́n bá jáde síta, tí inú ọkùnrin náà bá rọ̀, òun á sọ òótọ́ fún un. Ó tún rò pé kò tiẹ̀ ní gbà á gbọ́, nítorí òun ni ọkùnrin náà ti kọ́ ṣáájú gbogbo ènìyàn pé a kì í nu owó àtijọ́. Ṣùgbọ́n ó gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀.

"Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí o máa lọ," ó wí. "Sọ fún bàbá rẹ kó má wá mọ́."

Adìwé fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ẹ-má-nù-ún ń tún aago ṣe, ó ń se oúnjẹ fún ìyá rẹ̀, kò sì tú àpò owó kankan wò. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí màmá máa ń sọ lálẹ́ ọjọ́bọ̀.

"Ìyàwó mi wá lónìí. Ó fọ irun mi."

Omi á lé sí ọkùnrin náà lójú. Ó rò pé ìrántí màmá ló ń dàrú. Kò mọ̀ pé ilé ìkàwé kì í ṣí ní ọjọ́bọ̀, àti pé obìnrin ìsàlẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún Adìwé, tó sì ti ṣèlérí pé òun ò ní sọ.

Ọjọ́bọ̀ kan ni fóònù Ẹ-má-nù-ún dún níbi iṣẹ́. "Máa bọ̀ nílé," ni Adìwé wí. "Màmá ò lè mí dáadáa."

Nígbà tó dé, dókítà ti wá, ó ti lọ, kò sì sí ohun tó kù láti ṣe. Adìwé jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, orí màmá wà ní àyà rẹ̀. Ojú màmá mọ́ kedere, bí kò ṣe mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ọmọ mi, o ò tíì kí mi kú iṣẹ́. Gbogbo owó rẹ ni mo fọ̀. Mo fi kànìnkànìn ha á títí ọwọ́ mi fi bó. Nítorí ìyàwó wa ni. Àbí kò dára ni?"

Ẹ-má-nù-ún gbójú sókè wo Adìwé. Adìwé wo ilẹ̀. Ohun gbogbo yé e lẹ́ẹ̀kan náà, ìtìjú sì gbá a mú. Màmá ṣì ń wò ó, ó ń retí èsì.

"Ó dára, Màmá. Ó ń dán gan-an. Ẹ kú iṣẹ́, Màmá mi. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dúpẹ́."

"Kò burú," ni màmá wí. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìsìnkú, ọkùnrin náà lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń di ìwé. Adìwé ń fi abẹ́rẹ́ gán ìwé kan.

"Mo wá bẹ̀ ọ́."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé mo lé ọ."

"Ìyẹn kọ́." Ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ìbínú ni, mo mọ inú rẹ. Ohun tó dùn mí ni pé mo ní èmi ni, o sì gbà. O ò bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Díẹ̀díẹ̀ ni mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn, mò ń retí kí o sáré tẹ̀lé mi kí o ní, 'Irọ́ ni, ìwọ kọ́.'"

"Mi ò ní àwáwí kankan."

"O ò ní."

"Kí ló dé tí o fi tún ń wá sílé wa?"

"Màmá ò lé mi."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Inú ẹkún náà ló ti sọ ohun tó bá wá. Ó ní kó fẹ́ òun, ó ní òun mọ̀ pé òun ò yẹ.

"Oṣù mẹ́rin gbáko ni màmá rẹ fi ń pè mí ní ìyàwó," ni Adìwé wí, "tí ìwọ ò sì pè mí rárá. Gbogbo ìgbà tó bá pè mí ni mo ń dá a lóhùn. Mi ò lè wá sọ nísinsìnyí pé irọ́ ni mo ń pa fún un." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí o. Ó máa pẹ́ kó tó tán."

"Màá dúró."

"Jókòó, ìwé yìí kù díẹ̀. Tí mo bá parí, a ó jọ lọ bá bàbá mi."

Ó jókòó tì í títí tó fi parí. Wọ́n jọ rìn lọ síbẹ̀. Bàbá Adìwé ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, ó wo ọkùnrin tó wọ aṣọ dúdú lẹ́yìn ọmọ rẹ̀.

"Ta lo mú wá?"

"Ọkọ mi ni, Bàbá."

Ẹ-má-nù-ún fẹ́ kí bàbá náà, ẹkún ò jẹ́. Ẹni tí ì bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn jù lọ láyé ti kú.